A Kì Í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn

Bí àlejò bá wọ ilé tuntun ní Ìbàdàn lóde òní, òkè ni yóò kọ́kọ́ wò. Kò ní wo ògiri, kò ní wo ilẹ̀. Yóò gbé ojú sókè wo àjà tí wọ́n fi POP ṣe, yóò wo àwọn iná kéékèèké tí wọ́n rì sínú rẹ̀ yípo bí ìràwọ̀, yóò sì sọ pé, "Ẹ kú oríire o, ilé yìí dára." Onílé yóò rẹ́rìn-ín, yóò tẹ súwíìṣì, gbogbo pálọ̀ yóò sì mọ́lẹ̀ yòò. N kò tíì rí àlejò kan tó béèrè pé, "Kí ló wà lẹ́yìn àwọn iná yìí?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kọ àròkọ yìí lé lórí, nítorí pé nílé tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Bàbá mi ń wa bọ́ọ̀sì èrò láti Ìwó Road lọ sí Òṣogbo, Mọ́mì mi sì ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi kọ́ ilé wa ní Ológunẹrù. Lọ́dún tí owó bá wọlé, ògiri á ga sókè. Lọ́dún tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kọṣẹ́, koríko á hù nínú yàrá. Nígbà tí páànù wá bo orí rẹ̀ tán, Mọ́mì sọ pé ohun kan ṣoṣo ni àwọn ń fẹ́ kí a tó kó wọlé: àjà POP, kí iná sì wà nínú rẹ̀ yípo. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rí i nílé àwọn oníbàárà wọn. Bàbá mi gbà. Ta ni kò ní gbà? Obìnrin tó fi owó èlùbọ́ ra bulọ́ọ̀kù yẹ kó rí ohun tí ojú rẹ̀ ń fẹ́.

Ẹni mìíràn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n tètè dìde mọ́. Yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a yà sọ́tọ̀ fún wọn, nítorí pé kò sí ariwo níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a mú wọn wá wo ilé, mo kà á lọ́kàn mi: láti ibi tí bẹ́ẹ̀dì wọn yóò wà dé ẹnu ọ̀nà ìta, pẹ̀lú bí mo ṣe dì wọ́n lápá mú, mo ka iye tó lé ní ọgọ́rùn-ún kí a tó débẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yẹn sọ́kàn.

Iná inú àjà yàtọ̀ sí gúlóòbù tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gúlóòbù àtijọ́ máa ń so rọ̀ sí àárín yàrá, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lọ́tùn-ún lósì, ojú wa sì ń rí i. Ní ti èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní spotlight, ihò ni wọ́n ń dá sínú àjà, wọ́n á tì í bọ inú ihò náà, ojú rẹ̀ nìkan ni yóò hàn síta. Ìdí rẹ̀, níbi tí ooru ń gbà jáde, àti wáyà tó gbé iná wá, wà lókè, nínú òkùnkùn tó wà láàárín àjà àti páànù. Ibẹ̀ ni igi òrùlé wà. Ibẹ̀ ni aláǹtakùn ń ta àwọ̀n sí, ibẹ̀ ni eku ń sá sí, tó sì ń fi eyín gé wáyà jẹ. Lọ́sàn-án, oòrùn á ti mú páànù gbóná, ibẹ̀ á sì máa mú bí inú ààrò kí ẹnikẹ́ni tó tan iná kankan.

Gúlóòbù tí bàbá mi rà ni irú ti àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní halogen. Ogún ni wọ́n rà lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀, nítorí pé owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó tuntun. Wọ́n kọ 50W sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀: 50 lọ́nà 20 jẹ́ wáàtì 1000. Áyọ́ọ̀nù tí Mọ́mì fi ń lọ aṣọ, 1000W náà ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Olùkọ́ físíìsì wa sì ti kọ́ wa pé irú gúlóòbù tó ń fi okùn wáyà gbígbóná tàn kì í sọ gbogbo iná tó ń jẹ di ìmọ́lẹ̀; ooru ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dà. Ìyẹn ni pé bí a bá tan gbogbo iná ilé wa lálẹ́, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé a gé áyọ́ọ̀nù kan sí ọ̀nà ogún, tí a sì tò ó sínú àjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ojú gíláàsì halogen máa ń gbóná ju omi tó ń hó lọ. Gúlóòbù LED tó lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà kì í sábà jẹ ju wáàtì 5 sí 7 lọ. Ogún rẹ̀ kò lè kọjá wáàtì 140.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò séwu, pé POP kì í jó. Òótọ́ ni, POP fúnra rẹ̀ kì í gbiná. Ṣùgbọ́n POP kò dá so ara rẹ̀ rọ̀, igi ló gbé e dúró. Pákó tó bá ń gba ooru lójoojúmọ́ fún oṣù àti ọdún máa ń gbẹ, á máa dúdú díẹ̀díẹ̀, títí tí ooru tí kò lè ṣe é ní nǹkan nígbà tó wà ní tuntun á fi lè mú un gbiná. Àjà oníke tí wọ́n ń pè ní PVC tún burú jù ú lọ: ó máa ń yọ́, èéfín rẹ̀ sì máa ń fún ènìyàn lọ́nà ọ̀fun.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ìsinmi, èmi ni mo ń na púláyà àti wáyà sí oníṣẹ́ iná tó ń bá wa ṣe é. Àwọn oníṣẹ́ POP ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti wá bo gbogbo òkè pa. Igi àjà ṣì wà ní gbangba, wáyà sì ti so rọ̀ ní gbogbo ibi tí iná yóò wà. Nígbà tí mo gun orí pákó gíga tí àwọn oníṣẹ́ ń dúró lé, mo rí ohun mẹ́rin. Àkọ́kọ́, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi lọ́ wáyà mọ́ ara wọn níbi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, wọ́n fi tépù wé e, wọ́n sì tẹ́ ẹ lé orí igi. Lára tépù náà ti ń tú. Èkejì, ibi tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí fún iná nínú yàrá Ìyá àgbà kò jìnnà sí igi ju ìbú ìka kan lọ. Ẹ̀kẹta, àpò sìmẹ́ńtì àti èérún pákó tí àwọn kápẹ́ńtà fi sílẹ̀ ṣì wà lókè níbẹ̀, gbígbẹ fúrúfúrú. Ẹ̀kẹrin, bírékà tí wọ́n fi sí ojú ọ̀nà iná náà jẹ́ ti àmpù 20, bẹ́ẹ̀ wáyà 1.5 tí a sábà ń lò fún iná ni wọ́n fà. Bírékà àmpù 6 tàbí 10 ló bá irú wáyà bẹ́ẹ̀ mu. Èyí tó bá tóbi jù ú lọ lè máa wò ó títí wáyà yóò fi gbóná jù.

Kò rọrùn fún ọmọ láti bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá mi àti oníṣẹ́ iná náà ti ń ṣọ̀rẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé kò ní séwu bí ibi tí ẹ ti so wáyà ṣe sùn lé igi yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Bírékà wà. Bí nǹkan kan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, á já."

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. "Mo ti san àsansílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ POP," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀. Lọ bá Mọ́mì rẹ ní ọjà."

Mo lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, mo sì fi iṣẹ́ tí bàbá mi mọ̀ ju gbogbo wa lọ ṣe àpèjúwe rẹ̀. "Dádì, ẹ má bínú. Bírékà dà bíi kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń ka èrò. Bí èrò bá pọ̀ jù, á ní kí ẹ dúró. Ṣùgbọ́n bí táyà ẹ̀yìn bá ti ń gbóná, tó ti ń rùn, tí èrò kò sì pọ̀ jù, ṣé kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń ka orí èrò á mọ̀? Ibi tí wáyà méjì kò bá ti fẹnu ko ara wọn dáadáa, ìṣòro ni iná fi ń kọjá níbẹ̀, ooru ló sì ń dà. Iná tó ń kọjá kò pọ̀ jù, nítorí náà bírékà kò ní já. Ooru nìkan ni yóò máa pọ̀ sí i, lórí igi."

Bàbá mi dákẹ́. Mọ́mì ló sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé mi ò ní í ní iná mi mọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. N kò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.

Ìyá àgbà, tí a rò pé wọ́n ti sùn lórí àga, ló dá sí i. Wọ́n ní, "Láyé tiwa, fítílà là ń tàn. Iná ni, a sì mọ̀ pé iná ni. Kí a tó sùn, a ó wò ó, a ó fẹ́ ẹ pa. Èyí tí ẹ fẹ́ gbé sókè orí mi yìí, ta ni yóò máa wò ó kó tó sùn?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo rí i pé bàbá mi ń wo orúnkún ìyá wọn.

Lọ́jọ́ kejì, a kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi sì pe oníṣẹ́ iná náà padà wá. Àwọn méjèèjì gun òkè, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, oníṣẹ́ iná yọ ìwé kan jáde nínú àpò rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Èyí ni ìwé ohun èlò tí mo kọ́kọ́ kọ fún yín. Àwọn àpótí oníke tí a fi ń bo ibi tí wáyà ti so pọ̀ wà nínú rẹ̀, gúlóòbù LED náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ wọ́n kúrò, pé ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Owó tí ẹ fún mi ni mo fi ṣe iṣẹ́."

Bàbá mi wo ìwé náà. Wọ́n ní, "Òótọ́ lo sọ."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn: *ẹnikẹ́ni kò ní rí i*. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fẹ́ ṣe wá ní ibi. Oníṣẹ́ iná mọ iṣẹ́ rẹ̀, bàbá mi fẹ́ràn ìyá wọn, Mọ́mì kò béèrè ju ẹwà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó kò tó, ibi tí ojú ń rí ni a kó owó lọ, a sì dín ti ibi tí ojú kò tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni iná kì í ti ibi tí ojú ń rí bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ohun tó ń fa ewu nínú ọ̀pọ̀ ilé wa nìyẹn, ju àìmọ̀kan lọ.

Àwọn oníṣẹ́ POP dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n kó àpò sìmẹ́ńtì àti èérún pákó kúrò lókè. Oníṣẹ́ iná tún gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀ ṣe, wọ́n fi ìdè onísíkúrúù dè é, wọ́n sì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́nú àpótí. Wọ́n pààrọ̀ bírékà. Wọ́n sún àmì iná kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Bàbá mi kò lówó tó lè ra LED ogún, nítorí náà méjìlá ni wọ́n rà: mẹ́jọ fún pálọ̀, mẹ́rin fún yàrá Mọ́mì. Ní ti Ìyá àgbà, wọ́n ní gúlóòbù kan ṣoṣo ni àwọn ń fẹ́, kó so rọ̀ sí àárín yàrá, kí ojú àwọn lè máa rí i. Àwọn halogen ogún náà ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi. Wọn kò tà á, wọ́n ní àwọn kò lè gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bóyá wọ́n ń kọ́ ilé tiyín lọ́wọ́, tàbí ẹ ń gbé nínú ilé tí àjà rẹ̀ ti wà ní bíbò pa. Bí wọn kò bá tíì bò ó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gòkè wò ó. Ẹ wò ó bóyá àyè wà láàárín iná àti igi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ibi tí wáyà ti so pọ̀ wà nínú àpótí. Ẹ rí i pé kò sí fóòmù, bébà tàbí aṣọ tó bo ẹ̀yìn iná. LED náà nílò afẹ́fẹ́, nítorí pé àpótí kékeré tó ń darí iná fún un máa ń gbóná. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìwé ẹ̀rí. NEMSA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò iná mànàmáná, máa ń fún àwọn oníṣẹ́ ní irú rẹ̀. Bí ilé bá jẹ́ alájà méjì tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ pákó, ẹ béèrè irú iná tí wọ́n ṣe láti dènà iná ọmọ ọ̀rara. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń wú nígbà tí ooru bá pọ̀, tí á sì dí ihò náà pa.

Bí wọ́n bá ti bò ó, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, bí ó bá ń kùn bí oyin, bí àjà bá ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú yí i ká, bí bírékà bá ń já lemọ́lemọ́, ẹ pa á, kí ẹ pe oníṣẹ́. Òórùn kan tún wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ: oníke ara wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ń gbóná jù lè máa rùn bí ẹja. Bí ilé bá ń rùn bí ẹja, tí ẹnikẹ́ni kò sì se ẹja, ẹ má sùn. Ìwà wa kan náà tún wà tó yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a máa ń gbàgbé súwíìṣì sí títàn, a ó jáde tàbí kí a sùn. Iná á wá dé ní agogo méjì òru, á sì máa jó nínú ilé tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ máa pa súwíìṣì.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé èéfín ń ti inú àjà jáde, ẹ má dá omi sí i. Bí ẹ bá lè dé ibi súwíìṣì ńlá láìséwu, ẹ pa á. Ẹ má ya àjà láti wo inú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ iná. Ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, ẹ ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn yín, kí ẹ sì pe 112. Ẹ rántí pé ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ògiri yàrá kì í ga kọjá àjà. Lókè níbẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo ilé. Iná tó bẹ̀rẹ̀ lórí pálọ̀ kò nílò ilẹ̀kùn kó tó dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì ní dúró kí ẹnikẹ́ni kà dé ọgọ́rùn-ún.

Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọ́n sọ ọ́ nígbà tí koríko àti ewé wà lórí ilé, tí ẹni tó wà lójúde lè rí èéfín kó sì pariwo. Àwa tí a ń gbé iná sókè lónìí, tí a sì ń bò ó pa, àwa gan-an ni òwe náà ń bá wí. Ẹwà ilé dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kan pákó tó kẹ́yìn, kí ẹnì kan nínú ilé tan tọ́ọ̀ṣì, kó gòkè, kó wo ibi tí ojú kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tó kéré jù níbẹ̀.